Àpò Ìtọ̀ Ọmọdé: Bí Àwọn Oníṣègùn Ṣe Kúrò Lórí Pàṣán Dé Orí Òṣùwọ̀n

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara tí Elédùmarè fi jíǹkí ọmọ ènìyàn, àpò ìtọ̀ wà lára àwọn tí a kì í sábà dárúkọ láwùjọ. Àgbàlagbà tí ó bá ń ṣàìsàn rẹ̀ a máa bò ó mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò lè bo tirẹ̀, nítorí pé ẹní, aṣọ ìbora àti òórùn yàrá yóò ti tú àṣírí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìdí nìyí tí ìtàn ìtọ́jú àìsàn àpò ìtọ̀ lára àwọn ọmọdé fi jẹ́ ìtàn ìtìjú àti ìyà ní apá kan, tí ó sì jẹ́ ìtàn ìwádìí ní apá kejì. Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kọjá kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í borí èkíní, ìborí náà kò sì tíì pé títí di òní.

Iṣẹ́ méjì péré ni àpò ìtọ̀ ń ṣe: ó ń gba ìtọ̀ tí ó ti inú kíndìnrín wá pamọ́, ó sì ń tú u jáde nígbà tí ó bá tọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì yìí kò rọrùn bí a ti ń sọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí àpò bá ń kún, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀, kí iṣan tí ó dì í lẹ́nu sì le. Nígbà tí ó bá fẹ́ tú, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún pọ̀, kí iṣan ẹnu rẹ̀ sì dẹ̀. Ọpọlọ àti mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó ń mú kí àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yé, bí onílù àti oníjó. Ọmọ ọwọ́ kò ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀: bí ó bá ti kún, yóò tú. Láàárín ọdún kejì sí ìkarùn-ún ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ́ bí a ti í mú un mọ́ra, lọ́sàn-án ná, kí ó tó kan ti òru. Bí onílù bá lu ọ̀tọ̀ tí oníjó sì jó ọ̀tọ̀, ìtọ̀ lè máa dà lọ́sàn-án, ó lè máa dà lóru, ó lè kọ̀ láti jáde tán, ó sì lè padà sókè lọ ba kíndìnrín jẹ́. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó lè pa ọmọ. Òun gan-an ni ó sì pẹ́ jù lọ kí àwọn oníṣègùn tó mọ̀.

Títọ̀ sílé ni àwọn ará àtijọ́ kọ́kọ́ kọ sínú ìwé, nítorí pé òun ni ojú rí. Nínú ìwé ìṣègùn àwọn ará Íjíbítì tí a ń pè ní Ebers Papyrus, èyí tí a kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi, oògùn kan wà fún ọmọ tí kò lè mú ìtọ̀ rẹ̀ dúró: èso igi juniper, cypress àti ọtí ọkà ni wọ́n pò pọ̀. Pliny ará Róòmù, ẹni tí ó kú ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi, kọ ọ́ pé kí a se eku, kí a sì fi í sínú oúnjẹ ọmọ náà. Ní nǹkan bí ọdún 1544, Thomas Phaer, agbẹjọ́rò tí ó tún jẹ́ oníṣègùn, tẹ ìwé kan jáde lórí àìsàn àwọn ọmọdé, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ya orí kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún títọ̀ sílé. Oògùn tí ó kọ síbẹ̀ ni ọ̀nà ọ̀fun àkùkọ tí a jó di ẹ̀tù, ẹpọ̀n ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tí ó jọ òòrẹ̀, àti èékánná ewúrẹ́ tí a lọ̀ kúnná sínú ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Phaer rẹ́rìn-ín kí ó rọra ṣe é. Ọkùnrin yìí sọ ní tààrà pé àìlágbára kíndìnrín tàbí ti àpò ìtọ̀ ni ó ń fa ọ̀ràn náà, àti pé kì í ṣe ìfẹ́ inú ẹni tí ó ń ṣe. Oògùn rẹ̀ kò mú ọgbọ́n kankan dání, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ ga ju ti ọ̀pọ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ gbà pé ọ̀lẹ ni ọmọ náà, tàbí aláìgbọràn, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti í tọ́jú ọ̀lẹ. Kì í ṣe ilẹ̀ kan ṣoṣo ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Melville Herskovits, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Fọ̀n, aládùúgbò àwọn Yorùbá ní ìwọ̀-oòrùn, ròyìn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1938 pé bí ìyà kò bá mú ọmọ jáwọ́ ní Abomey, wọ́n a da eérú pọ̀ mọ́ omi lé e lórí, wọ́n a sì lé e sí ìgboro kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa pàtẹ́wọ́, kí wọ́n máa kọrin lé e. Ní Ouidah, ọ̀pọ̀lọ́ ààyè ni wọ́n ń so mọ́ ọn ní ìbàdí kí ẹ̀rù lè bà á. Ní ilẹ̀ Yorùbá, èébú ni orúkọ náà ‘atọ̀ọ́lé’, ọmọ tí a sì mú kí ó ru ẹní tútù rẹ̀ jáde sí gbangba kì í tètè gbàgbé ọjọ́ náà. Àwọn òyìnbó kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. George Orwell, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí a mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé níbẹ̀, a sì nà án nítorí rẹ̀. Nínú àròkọ tí ó kọ nípa rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ ní 1952 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sọ pé láti ìgbà náà ni òun ti mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ lè jẹ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Yorùbá ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Nínú ọ̀ràn yìí, ìka tí kò ṣẹ̀ ni a ń gé láti ìran dé ìran.

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Armand Trousseau, oníṣègùn ńlá ní ilé ìwòsàn Hôtel-Dieu ní Paris, ń fún àwọn ọmọ tí ń tọ̀ sílé ní oògùn ewé belladonna. Èrò rẹ̀ ni pé àpò ìtọ̀ ni ara rẹ̀ kò balẹ̀, pé ó ń fún pọ̀ kí àkókò tó tó. Ewé yìí ní oró, ó sì lè ṣe ọmọ ní ibi. Ṣùgbọ́n ó ń dẹ iṣan àpò ìtọ̀ nítòótọ́, ọ̀nà kan náà sì ni oxybutynin, tí àwọn dókítà ń lò lónìí fún àpò ìtọ̀ tí kò fara balẹ̀, ń gbà ṣiṣẹ́. Ohun tí Trousseau kò ní ni òṣùwọ̀n. Kò sí bí ó ti lè mọ̀ bóyá àpò ọmọ kan kéré, tàbí ó le, tàbí ó kàn ń kún ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 1882, Angelo Mosso àti Pellacani ní Ítálì fi ẹ̀rọ wọn agbára tí àpò ìtọ̀ fi ń fún pọ̀, wọ́n sì rí i pé ohun tí ń lọ nínú ọkàn ènìyàn a máa hàn níbẹ̀. Ní 1927, D. K. Rose ní St. Louis ní Amẹ́ríkà ṣe ohun èlò tí dókítà lè fi wọn agbára yìí lára aláìsàn. Ó tún tó nǹkan bí ìdajì ọ̀rúndún sí i kí òṣùwọ̀n náà tó gba ẹ̀mí ọmọdé là, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Kí ó tó dé ibẹ̀, agogo kan dún. Ní 1904, Meinhard von Pfaundler, oníṣègùn àwọn ọmọdé láàárín àwọn tí ń sọ èdè Jámánì, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó tẹ́ sábẹ́ ọmọ ní ilé ìwòsàn: bí ìtọ̀ bá ti kan án, iná mànàmáná yóò kọjá, agogo yóò sì dún. Kì í ṣe nítorí ọmọ ni ó ṣe ṣe é. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe é fún, kí wọ́n lè tètè mọ ọmọ tí aṣọ rẹ̀ tutù, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí agogo ń dún lábẹ́ wọn kò tọ̀ sílé mọ́. Ohun tí a ṣe fún ìrọ̀rùn òṣìṣẹ́ di ìwòsàn fún ọmọ. Àwọn oníṣègùn kò tètè fi ọwọ́ gidi mú un. Ní 1938 ni Hobart Mowrer àti Willie Mae Mowrer, tọkọtaya onímọ̀ nípa ìwà ènìyàn, lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ 30 ní New Haven ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kéde pé gbogbo wọn ni ó bọ́. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé àmì àrùn ọkàn ni títọ̀ sílé, àti pé bí a bá dí i níbìkan yóò rú yọ níbòmíràn. Kò rú yọ. Agogo yìí ṣì wà lónìí lára ìtọ́jú méjì tí àwọn dókítà kọ́kọ́ ń yàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gba sùúrù ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ó sì ń jí gbogbo ilé kí ó tó jí ẹni tí ó ni ín.

Ìtọ́jú kejì ni oògùn. Ní 1960, ẹnìkan tí ń jẹ́ MacLean kọ̀wé pé imipramine, oògùn ìbànújẹ́ ọkàn, a máa dá títọ̀ sílé dúró. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣèèṣì gbé e mì púpọ̀, ó lè dá ọkàn-àyà rẹ̀ dúró pẹ̀lú, nítorí náà a kì í sáré lò ó mọ́. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ni desmopressin, tí a ṣe ní Prague ní 1967. Àwọn onímọ̀ ní Aarhus ní Denmark, Nørgaard, Rittig àti Djurhuus, ni ó la ọ̀ràn rẹ̀ yé ní àárín ọdún 1980 sí 1989: bí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ a máa tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń sọ fún kíndìnrín kí ó dín ìtọ̀ kù, lára àwọn ọmọ kan èròjà yìí kì í pọ̀ sí i lóru, kíndìnrín wọn a sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ọ̀sán ni. Desmopressin ń ṣe iṣẹ́ èròjà náà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá lò ó kò gbọdọ̀ mu omi púpọ̀ ní alẹ́ náà, kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà lọ sílẹ̀ dé ibi ewu.

Àwọn ìwádìí mìíràn wà tí ì bá ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ẹgba bí a bá ti tètè ṣe wọ́n. Bakwin fi hàn ní 1973 pé bí bàbá àti ìyá bá jọ jẹ́ atọ̀ọ́lé nígbà èwe wọn, nǹkan bí 77 nínú 100 àwọn ọmọ wọn ni yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nǹkan bí 44. Bí kò bá sí nínú méjèèjì, nǹkan bí 15. Forsythe àti Redmond tẹ̀lé àwọn ọmọ 1,129 ní Belfast, wọ́n sì kéde ní 1974 pé lọ́dọọdún, nǹkan bí 15 nínú 100 ni ó ń bọ́ fúnra wọn. Kò sí àní-àní pé ibẹ̀ ni ògo ọ̀pọ̀ àgúnmu àti ti ọ̀pọ̀lọ́ ìbàdí ti wá: ẹni tí ó lo oògùn ní ọdún tí ọmọ ì bá bọ́ náà ni ó gba ọpẹ́.

Títọ̀ sílé kì í pa ọmọ. Ibi tí ọ̀ràn ti le ni ti àwọn ọmọ tí egungun ẹ̀yìn wọn kò pàdé nínú oyún, tí mùdùnmúdùn inú rẹ̀ sì yọ síta; spina bifida ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Àwọn iṣan tí ó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí àpò ìtọ̀ kò pé lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣáájú àárín ọ̀rúndún ogún, púpọ̀ nínú wọn kì í dàgbà, nítorí omi tí ń kún orí wọn tàbí àrùn tí ń gba ojú egbò ẹ̀yìn wọlé. Ní 1956, John Holter, òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní agbègbè Philadelphia tí a bí ọmọkùnrin rẹ̀ pẹ̀lú àìsàn náà, ṣe fáàfù kékeré kan tí ó ń fa omi inú orí sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Fáàfù yìí gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ là. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń bọ́ lọ́wọ́ ikú ti orí, ikú ti kíndìnrín ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kọ́kọ́ ṣe ni láti yẹ àpò ìtọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Eugene Bricker ní St. Louis ti gbé iṣẹ́ abẹ kan jáde ní 1950 fún àwọn àgbàlagbà tí jẹjẹrẹ mú ní abẹ́ inú: a gé ìfun díẹ̀, a so ọ̀nà ìtọ̀ tí ó ti kíndìnrín wá mọ́ ọn, a sì yọ ẹnu rẹ̀ sí ikùn kí ìtọ̀ máa dà sínú àpò tí a lẹ̀ mọ́ ara. Wọ́n wá ń ṣe é fún àwọn ọmọdé. Ara wọn gbẹ, ìyá wọn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, kíndìnrín ọ̀pọ̀ wọn tún ń bàjẹ́ lọ lábẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé yìí.

Ọ̀nà àbáyọ kò ti inú iyàrá iṣẹ́ abẹ wá. Ohun èlò tín-ín-rín tí a fi ń fa ìtọ̀ ti wà láti ayé àtijọ́, Ludwig Guttmann sì ti ń lò ó ní Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fọ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́, pẹ̀lú ìmọ́tótó iyàrá iṣẹ́ abẹ: ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ kàn án. Èyí kò ṣeé ṣe nílé, kò sì ṣeé ṣe nílé-ẹ̀kọ́. Ní 1972, Jack Lapides àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ann Arbor ní Michigan kọ̀wé pé kò sí ìdí fún gbogbo ètò yẹn. Kí aláìsàn fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí ó fọ rọ́bà rẹ̀, kí ó fà á fúnra rẹ̀ ní wákàtí díẹ̀ díẹ̀, ó tó. Ìdí tí ó fi gbà bẹ́ẹ̀ yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Lapides sọ pé kì í ṣe kòkòrò àrùn ni olórí ọ̀tá, bí kò ṣe kíkún àkúnjù: àpò tí ó kún títí tí ara rẹ̀ fi nà, ẹ̀jẹ̀ kò lè rìn dáadáa nínú rẹ̀ mọ́, nígbà náà ni kòkòrò ń rí àyè wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́, nítorí pé ó lòdì sí ohun tí a kọ́ olúkúlùkù wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìtọ̀ fún ọmọ wọn, àwọn ọmọ dàgbà wọ́n ń fà á fúnra wọn, kíndìnrín wọn sì dúró. Bóyá kò sí ohun kan nínú gbogbo ìtàn yìí tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀, tí èrè rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fún àwọn tí kò lè gba ọ̀nà abẹ́ fa tiwọn, Paul Mitrofanoff ní ilẹ̀ Faransé fi hàn ní 1980 bí a ti í fi ìfun kékeré tí a ń pè ní appendix ṣe ojú ọ̀nà láti ikùn wọ inú àpò ìtọ̀.

Ó wá ku bí a ó ti mọ ọmọ tí ó wà nínú ewu kí kíndìnrín rẹ̀ tó bàjẹ́. Níbí ni òṣùwọ̀n ti dé ìkáwọ́ rẹ̀. Ní 1981, Edward McGuire àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jábọ̀ lórí àwọn ọmọ 42 tí wọ́n ní spina bifida, àwọn tí wọ́n ti tẹ̀lé fún ọdún púpọ̀. Wọ́n wọn agbára tí ó wà nínú àpò ìtọ̀ olúkúlùkù ní àkókò tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Lára àwọn tí tiwọn kò ju 40 sẹ̀ǹtímítà omi lọ, kò sí ẹyọ ọ̀kan tí ìtọ̀ rẹ̀ ń padà sókè. Lára àwọn tí tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní ìdajì. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbẹ nítorí pé ẹnu àpò rẹ̀ le koko, tí ìyá rẹ̀ sì rò pé ó sàn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, lè jẹ́ ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ burú jù. Ojú lásán kò lè rí èyí.

Ìwádìí mìíràn tún wà tí ó dàrú mọ́ gbogbo wọn lójú. Frank Hinman kékeré ní San Francisco rí àwọn ọmọdékùnrin tí àpò ìtọ̀ wọn ti wú, tí ó ti le, tí kíndìnrín wọn ti ń bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹ̀yìn wọn pé, kò sì sí ohun tí ó dí ọ̀nà ìtọ̀ wọn. A ti fi abẹ kan àwọn mìíràn nínú wọn láìsí àǹfààní. Òun àti Baumann kọ̀wé lé e ní 1973: àwọn ọmọ yìí ti kọ́ láti máa di ẹnu àpò náà ní àkókò tí ó yẹ kí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Hinman ṣàkíyèsí pé ilé tí wàhálà wà, tí bàbá sì le lé ọmọ lórí, ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí padà! Pàṣán tí a rò pé yóò wo àpò ìtọ̀ sàn lè wà lára ohun tí ó bà á jẹ́. Ohun tí Hinman fi tọ́jú wọn ni ọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ̀kọ́ títọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti oògùn díẹ̀. Ní 1979, Maizels àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi ẹ̀rọ kún un, tí ó ń fi iṣẹ́ iṣan ọmọ náà hàn án ní ojú rẹ̀ kí ó lè mọ ìgbà tí ó ń dì í àti ìgbà tí ó ń dẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ó sún mọ́ èyí, tí ẹnikẹ́ni kò fiyè sí fún ìgbà pípẹ́, ni ìgbẹ́ gbígbẹ. Ibi tí ìgbẹ́ ń dúró sí àti àpò ìtọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá kún títí, kò ní jẹ́ kí èkejì rí àyè. O'Regan ní Montreal tẹnu mọ́ ọn láti 1985. Ní 1997, Vera Loening-Baucke ní Iowa ròyìn lórí àwọn ọmọ 234 tí ìgbẹ́ wọn ti gbẹ fún ìgbà pípẹ́: nígbà tí a wo ìgbẹ́ gbígbẹ náà sàn, 89 nínú 100 àwọn tí ìtọ̀ ń dà lára wọn lọ́sàn-án ni ó bọ́, àti 63 nínú 100 àwọn ti òru, láìfi ọwọ́ kan àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò, òun ni àtọ̀sí ajá, tí ń mú kí ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀. Theodor Bilharz rí aràn tí ó ń fà á nínú òkú ènìyàn ní Cairo ní 1851. Ní 1915 Robert Leiper fi hàn ní Íjíbítì kan náà pé ìgbín inú omi ni aràn náà ń gbé kí ó tó wọ ara ẹni tí ó bọ́ sódò. Ẹyin rẹ̀ a máa há sí ara àpò ìtọ̀, a máa sọ ọ́ di líle, ọmọ a sì máa tọ̀ lemọ́lemọ́ pẹ̀lú ìrora. Ibi tí omi bá dúró sí ni ìgbín yìí ti ń bí sí i: lẹ́yìn tí a ṣí ìdídò odò Ọ̀yán ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1983, àwọn tí ó ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé etí adágún náà bá àrùn yìí lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ. Praziquantel ń pa aràn náà. Ọmọ tí a ń nà nítorí pé ó ń tọ̀ ní gbogbo ìgbà ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, aràn ni ó ń bá jà.

Ní 2006, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àgbáyé lórí ọ̀ràn yìí, International Children's Continence Society, tẹ àkójọ orúkọ jáde kí gbogbo oníṣègùn lè máa pe ohun kan náà ní orúkọ kan náà. Wọ́n sì fi í lélẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ pe títọ̀ sílé ní àìsàn lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Àyẹ̀wò tí ó tẹ̀lé e kò ní ìrora nínú fún ọ̀pọ̀ ọmọ. A béèrè bí ọmọ ti ń tọ̀ àti bí ó ti ń yàgbẹ́. A wo ìbàdí rẹ̀ lẹ́yìn bóyá irun tàbí ihò kan wà níbẹ̀ tí ó lè jẹ́ àmì pé ọ̀pá ẹ̀yìn kò pé. A yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò fún ṣúgà, fún ẹ̀jẹ̀ àti fún kòkòrò àrùn. Níbi tí ẹ̀rọ ayàwòrán inú bá wà, a fi wo kíndìnrín, àti iye ìtọ̀ tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ọmọ bá tọ̀ tán. Àwọn tí nǹkan bá fi ara hàn lára wọn nìkan ni a ń gbé lọ sídìí òṣùwọ̀n ti McGuire. Ìyá yóò sì gba ìwé kékeré kan lọ sílé pẹ̀lú ife oníwọ̀n, yóò máa kọ iye omi tí ọmọ mu àti iye tí ó tọ̀ fún ọjọ́ méjì. Láti mọ iye tí ó yẹ kí àpò rẹ̀ gbà, a fi 2 kún iye ọdún rẹ̀, a sì sọ ọ́ di ọ̀nà 30: ọmọ ọdún 6, 240 mìlílítà. Bí ìwé náà bá fi hàn pé 120 ni ó ń gbà, dókítà ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.